Mo gbé ilé mi ní Houston sínú LLC: ṣé depreciation yóò tún bẹ̀rẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mo fẹ̀yìn tì sí, àmọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣì ni mí. Mo ní ilé kan ní Houston tí ayálégbé ń gbé. Oṣù kìíní 2015 ni mo rà á, 220,000 dọ́là. 55,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ilẹ̀. Ní 2025 mo gbé e sí orúkọ LLC (irú ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà) tí èmi nìkan ni ín. Ní báyìí, software tí mo fi ń ṣe ìwé owó orí kọ ọ́ pé mo ti ta ilé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ depreciation tuntun (iye tí a ń yọ lọ́dọọdún kúrò nínú owó ilé tí a ó san owó orí lé, torí pé ilé ń gbó) lórí iye tí ilé ń lọ lónìí.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ìwé yẹn ránṣẹ́. Ẹ kò ta ohunkóhun. LLC tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tí kò kọ̀wé sí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n kà á sí corporation (ilé-iṣẹ́ tó ń san owó orí tirẹ̀), ẹ̀yin fúnra yín ni IRS ń rí níbẹ̀. Ẹ pa ilé tuntun tí software náà kọ rẹ́, kí ẹ sì yọ àmì "sold" kúrò lára ti àtijọ́. Ọjọ́ tí ayálégbé kọ́kọ́ lè wọlé kò yí padà, iye tí ẹ rà á náà kò yí padà. Ilẹ̀ kì í gbó, torí náà 165,000 la ó pín sí ọdún 27.5: 6,000 lọ́dún. Schedule E náà, ojú ìwé tí a ń kọ owó ilé sí nínú ìwé owó orí yín, ló ṣì ń lọ.

Bí ẹ bá lo iye òde òní, ẹ ń yọ owó tí kò tọ́ sí yín nìyẹn. Nǹkan bíi 60,000 tí ẹ ti yọ sẹ́yìn kò sì lọ síbì kankan: ọjọ́ tí ẹ bá ta ilé náà lérè, owó orí lè dé ìdá 25 nínú 100 lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Òrùlé tuntun tí mo ṣe ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé depreciation, ọdún 27.5 tirẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Bí àbúrò mi bá wọ inú LLC náà?

Ìdáhùn: Ó di partnership (òwò àjọṣe), Form 1065, ìwé owó orí ti partnership, sì ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá kàn fún un ní ìpín láìgba owó, ibi tí depreciation dé náà ni yóò ti máa lọ.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní irú LLC yìí, kò sì jẹ́ ará Amẹ́ríkà rí.

Ìdáhùn: Ẹ pè é lónìí. Ọdún tí owó bá ti kọjá láàárín òun àti LLC, kódà owó tó fi dá a sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi Form 5472 (ìwé tí a fi ń sọ irú owó bẹ́ẹ̀ fún IRS) ránṣẹ́ pẹ̀lú Form 1120 (ìwé owó orí ti corporation), ìbáà má jẹ owó orí kankan. Ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 25,000 dọ́là.