Bí mo ṣe dín ohun tí server mi mọ̀ nípa èèyàn kù

Ápù tí mo kọ kì í ṣe bàbàrà. Ìpàdé ni wọ́n ń fi í pè: ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ á fi ọjọ́, aago àti ibi tí wọ́n ti máa pàdé síbẹ̀, àwọn yòókù á fèsì bóyá wọ́n ń bọ̀ tàbí wọn ò ní lè wá, bí àkókò bá sì ku díẹ̀, fóònù oníkálukú á rán an létí. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo kọ ọ́. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àwọn tó ní àìsàn tí wọn kì í fẹ́ sọ fún ayé náà dé, àwọn oníròyìn sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Látìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́ sí ohun tí server mi, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fóònù gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀, ń kó jọ. Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ni kí n rí i pé bí ìjọba èyíkéyìí bá gbé ìwé àṣẹ wá bá mi, kò ní sí nǹkan gidi kan nílẹ̀ tí mo lè kó fún wọn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bá ọlọ́pàá jà. Bí wọ́n bá fura sí ẹnì kan, tí wọ́n kó ẹ̀rí wọn lọ bá adájọ́, tí adájọ́ sì ní kí wọ́n yẹ fóònù onítọ̀hún wò, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ju àwọ̀n bo gbogbo ìlú, kí wọ́n tó wá máa wá ẹni tí wọ́n máa mú nínú rẹ̀. Ohun tí Edward Snowden, tó bá NSA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́, tú síta ní oṣù kẹfà ọdún 2013 nìyẹn. Ọ̀kan lára àwọn ìwé tó kọ́kọ́ jáde ni àṣẹ ilé-ẹjọ́ kan tó ń jókòó ní ìkọ̀kọ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ní kí iléeṣẹ́ fóònù Verizon máa kó àkọsílẹ̀ ìpè fún àjọ NSA lójoojúmọ́: nọ́ńbà tó pè, nọ́ńbà tí wọ́n pè, ìgbà tí wọ́n pè é, àti bí ìpè náà ṣe pẹ́ tó. Ohùn ò sí níbẹ̀. Ààrẹ Obama fi èyí tu aráàlú nínú, ó ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìpè wọn. Àmọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Michael Hayden, tó ti ṣe ọ̀gá NSA àti CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà mìíràn, rí, sọ ní gbangba pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn fi ń pa èèyàn. Ó yára fi kún un pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó nípa ìpè àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìyẹn ò tu èmi nínú. Ta ló bá ta pàdé, nígbà wo, níbo: ohun tó kún inú database tèmi, ibi tí ápù ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, gan-an nìyẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi ara mi sípò agbẹjọ́rò ìjọba. Mo kọ lẹ́tà sí ara mi: “Kó gbogbo ohun tó o ní nípa account yìí wá, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.” Account tí èmi fúnra mi fi ń dán ápù náà wò ni mo lò. Mo wá jókòó, mo ń dáhùn lẹ́tà náà láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: database, log (fáìlì tí server ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí), backup (ẹ̀dà database tí mo ń tọ́jú pa mọ́), ibi tí ìròyìn àṣìṣe ń lọ, títí dórí àpótí ímeèlì tí àwọn èèyàn ti ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo rọ̀ ọ́ kó má fi kóòdù bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà yìí ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí ohun tá a rò pé à ń tọ́jú àti ohun tó wà nílẹ̀ kì í sábà dọ́gba.

Log ló yà mí lẹ́nu jù. Bí èèyàn ò bá fọwọ́ kan ètò nginx (òun ló ń dá fóònù lóhùn lórí server), gbogbo ìgbà tí fóònù bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ ìlà kan sílẹ̀: nọ́ńbà IP (àdírẹ́sì tí fóònù ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ọjọ́ àti aago títí dé ìṣẹ́jú àáyá, ojú ìwé tí wọ́n béèrè, àti irú fóònù tó béèrè rẹ̀. Nínú ápù tèmi, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpàdé wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé náà. Mo ṣí fáìlì yẹn, mo wá ọjọ́ tí èmi àti àwọn tá a jọ ń dán ápù wò pàdé. Kó tó di aago mẹ́rin, IP wa yàtọ̀ síra, íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ ni oníkálukú ń lò. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, IP kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìlà tí irú fóònù tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ síra: a ti dé, a ti wọ Wi-Fi ilé náà. Ẹnì kan wà tí IP tiẹ̀ ò yí padà. Kò wá lọ́jọ́ yẹn. Ápù mi kì í pe orúkọ níbi ìpàdé, kò síbì kankan nínú kóòdù tí mo ti ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó wá àti ẹni tó pa ìpàdé jẹ hàn kedere nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò ronú kàn.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fúnni lórí èyí ni pé ká hash IP, ìyẹn ká fi ìṣirò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tí kò ṣeé dá padà tààrà, ká tó tọ́jú rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn ò tó nǹkan. Bit 32 ni IPv4, oríṣi IP kan, gbogbo àdírẹ́sì tó lè wà nínú rẹ̀ ò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán lè hash gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, kó fi wọ́n wé èyí tó wà lọ́wọ́, kó sì sọ IP tó wà nídìí rẹ̀ láìpẹ́ láìjìnnà. Bá a bá po ọ̀rọ̀ àṣírí kan mọ́ ọn kó tó di hash, ó máa ṣòro fún olè. Àmọ́ orí server wa ni àṣírí ọ̀hún wà, ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ á sì gba òun àti log pa pọ̀.

Ọ̀rọ̀ Lavabit lọ́dún 2013 kọ́ mi lọ́gbọ́n lórí èyí. Ímeèlì ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ oníbàárà kan ni ìjọba Amẹ́ríkà ń wá, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ (ọ̀rọ̀ àṣírí gígùn tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, tí wọ́n sì fi ń ṣí i) tí wọ́n ní kí iléeṣẹ́ náà mú wá lè ṣí ti gbogbo oníbàárà. Ladar Levison tó dá a sílẹ̀ kọ́kọ́ tẹ kọ́kọ́rọ́ náà sórí ìwé ojú ewé 11, ní lẹ́tà tó kéré débi pé ìjọba ní kò ṣeé kà. (Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.) Nígbà tó yá, ní oṣù kẹjọ, ó ti iléeṣẹ́ náà pa. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn, àmọ́ mi ò fẹ́ kí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ já lé mi léjìká láé.

Nítorí náà, mo kọ access_log off sínú ètò nginx kó má kọ ìlà wọ̀nyẹn mọ́, ó parí. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni error_log, ibi tó ń kọ àṣìṣe sí, torí òun náà máa ń kọ IP ẹni tí àṣìṣe bá sílẹ̀. Mo gbé e sí crit, kó lè jẹ́ àṣìṣe ńlá nìkan ni á máa kọ, mo sì ní kí logrotate máa pa á rẹ́ lójoojúmọ́. Ẹnì kan lè béèrè pé báwo ni màá ṣe dá àwọn tó ń rọ̀jò ìbéèrè lé server dúró bí mi ò bá mọ IP wọn. limit_req_zone tó wà nínú nginx ń ṣe ìyẹn: inú memory nìkan ló ti ń ka IP, kò kọ ọ́ sórí disk, bí àyè bá sì kún, á ju èyí tó ti pẹ́ nù.

Database ló gba àkókò jù. Mo ń bi ara mi lórí column (oríṣi ọ̀rọ̀ tó ń tọ́jú) kọ̀ọ̀kan pé: bí èyí ò bá sí, kí ló máa bàjẹ́? Nọ́ńbà fóònù ò bọ́ nínú ìbéèrè yẹn, mo yọ ọ́. Ibi ìpàdé àti aago rẹ̀ ò ṣeé yọ, àmọ́ kò dìgbà tí server bá mọ̀ wọ́n. Ní báyìí, fóònù ẹni tó pe ìpàdé á ti fi kọ́kọ́rọ́ ẹgbẹ́ tì wọ́n kó tó rán wọn jáde, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ mi kàn jẹ́ lẹ́tà jágbajàgba. Inú líǹkì ìkésíni ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, lẹ́yìn àmì #. Ohun tó bá wà lẹ́yìn # nínú àdírẹ́sì, browser kì í fi í ránṣẹ́ sí server, orí fóònù ló ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi líǹkì yẹn ránṣẹ́ nínú SMS ti fi kọ́kọ́rọ́ han iléeṣẹ́ fóònù rẹ̀, ìyẹn ni ápù náà ṣe ń fi QR hàn kí àwọn tó bá wà nítòsí ara wọn lè yà á.

Lẹ́yìn náà ni píparẹ́. Ìpàdé tó bá ti kọjá, mo fẹ́ kó pa rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nínú PostgreSQL, irú database tí mo ń lò, ká kọ DELETE ò túmọ̀ sí pé nǹkan náà ti lọ: ìlà ọ̀hún ṣì wà nínú fáìlì títí VACUUM, ètò tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, á fi tú àyè rẹ̀ sílẹ̀, kódà lẹ́yìn ìyẹn, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí nǹkan mìíràn tó gorí rẹ̀. Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Backup ni ẹ̀tẹ̀ tèmi, torí gbogbo ohun tí mo ti pa rẹ́ ló pé síbẹ̀. Mo wá ṣètò rẹ̀ pé kí backup kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ náà sì pa rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Fáìlì lè wà níbi tó bá wù ú nígbà náà.

Kóòdù àwọn ẹlòmíràn tó ń ka iye ìgbà tí èèyàn tẹ bọ́tìnì, mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ lórí ìyẹn.

Òfin wá ńkọ́? Ibi tí server wà àti ibi tí ẹni tó ni ín wà ló ń sọ òfin tó dè é, kí kálukú kà á dáadáa. Lọ́dún 2006, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tọ́jú irú àkọsílẹ̀ yìí fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó má sì ju ọdún méjì lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga wọn fagi lé òfin náà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, GDPR, òfin wọn tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ní kí èèyàn má gba ju ohun tó nílò lọ. Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣeré o: bí ìwé àṣẹ bá ti dé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa pa ẹ̀rí rẹ́. Àìkó o jọ rárá ò jọ ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé, “Àbúrò, bí ọ̀daràn bá wá ń fi ápù ẹ pèpàdé ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, àkọsílẹ̀ tí mo bá torí ọ̀daràn kó jọ, ta ló máa di tiẹ̀ lọ́la?” Mo sọ fún wọn nípa Amsterdam. Àkọsílẹ̀ aráàlú tó pé pérépéré wà níbẹ̀, ẹ̀sìn oníkálukú wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba lásán ni wọ́n sì torí rẹ̀ kọ ọ́. Àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Netherlands lọ́dún 1940, káàdì wọ̀nyẹn sì di ohun tí wọ́n fi ń wá àwọn Júù. Ní oṣù kẹta ọdún 1943, Willem Arondeus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dáná sun ilé tí wọ́n kó o sí. Wọ́n mú wọn, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn. Iná ò jó káàdì náà tán.

Ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn ti pẹ́. Mo bá mú wọn lọ sí Gíríìsì. Ẹ̀rọ Vodafone níbẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n dá sí i kí ìjọba lè máa gbọ́ ìpè ẹni tí òfin bá ní kí wọ́n gbọ́. Àwọn kan yọ́ gba ọ̀nà yẹn wọlé, wọ́n sì ń gbọ́ fóònù tó lé ní 100 láti ọdún 2004 sí 2005, ti olórí ìjọba, Kostas Karamanlis, wà lára rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n là fún ọlọ́pàá, amí ló rìn ín. “Mo gbọ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀daràn yẹn ṣì wà nílẹ̀.” Ó wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ọlọ́pàá tó bá fura sí ẹnì kan ṣì lè tẹ̀ lé e, ó lè gba fóònù rẹ̀, ó lè bá àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ni, ó sì yẹ kó jẹ́ iṣẹ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo tún lẹ́tà yẹn dáhùn. Signal, ápù kan tí wọ́n fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe. Lọ́dún 2016, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà béèrè ọ̀rọ̀ nípa account lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n sì rí kó sílẹ̀ ò ju ìgbà tí account náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó dé server kẹ́yìn lọ. Ìdáhùn tèmi ní méjèèjì yẹn, pẹ̀lú iye ìpàdé tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà, tí ibi àti aago wọn jẹ́ jágbajàgba.

Ibì kan ṣì kù tí ọwọ́ mi ò ká: ìránnilétí tó ń dé sórí fóònù. Ọ̀dọ̀ Google tàbí Apple ló ń gbà kọjá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà ní gbangba pé àwọn ìjọba kan ń béèrè àkọsílẹ̀ ìránnilétí lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì yìí. Mo ti kó ọ̀rọ̀ inú tèmi kúrò, ó kàn ń jí ápù ni, ápù á wá fúnra rẹ̀ béèrè ohun tó wà nílẹ̀. Àkókò tó dé ṣì ń hàn sí wọn, wọ́n sì mọ fóònù tó dé sí. Lórí Android, èèyàn lè ní kí ápù máa yẹ server wò fúnra rẹ̀ ní gbogbo wákàtí kọ̀ọ̀kan, bátìrì á kàn yára lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni. Lórí iPhone, ọ̀nà Apple nìkan ló wà fún un. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé ètò ápù náà lọ́rọ̀ tó yéni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa ìránnilétí: “Bí èyí bá wà ní títàn, Apple tàbí Google máa mọ ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ pè ọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ti mú kí àwọn kan pa á. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fi tiwọn sílẹ̀ ní títàn.