Bí wọ́n ṣe yọ òkúta lábẹ́ ahọ́n mi n'Ílọrin

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí abẹ́ àgbọ̀n yín bá ń wú gbàrà tẹ́ ẹ bá ti ń jẹun, tó tún ń wálẹ̀ tó bá yá, ẹ má kàn máa fi róòbù pa á. Èmi kì í tíì jẹ wàrà tán l'Ọ́jà Ọba tí abẹ́ àgbọ̀n mi lápá òsì á ti le gbagidi, àwọn kan ní eyín ni, àwọn kan ní ṣegede ni.

Dókítà ki ìka bọ abẹ́ ahọ́n mi, ó fọwọ́ kejì ti àgbọ̀n mi sókè láti ìta, ló bá ní "Mà, òkúta wà níbí o." Wọ́n ya ẹ́síréè, ó hàn kedere. Èròjà calcium inú itọ́ ló ń dì, tó wá dí páìpù tí itọ́ ń gbà dé ẹnu. Mo mu omi dáadáa, mo lá ọsàn wẹ́wẹ́ kí itọ́ lè tì í, mo tún ń rọra fọwọ́ fún un bọ̀ síwájú, kò jáde.

Ó wá kan iṣẹ́ abẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí síbí, torí ibi tí òkúta yẹn bá wà ló ń sọ irú èyí tí wọ́n máa ṣe. Tó bá kéré, bíi mílímítà 4 sísàlẹ̀, kámẹ́rà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń kì bọ páìpù yẹn láti fi wọ́ ọ jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in. Tó bá wà nínú gland, ìyẹn ibi tí ara ti ń ṣe itọ́, gan-an tó sì ti bà á jẹ́, abẹ́ àgbọ̀n níta ni wọ́n á là, wọ́n á yọ gland náà, abẹ́rẹ́ oorun nìyẹn gbà, iṣan tó ń gbé ètè ìsàlẹ̀ sì wà nítòsí, tó bá fara pa ètè lè wọ́. Ẹnu ò sábà gbẹ torí àwọn gland yòókù ṣì ń ṣe itọ́.

Tèmi wà níwájú, ìka bá a, inú mi dùn gan-an! Orí àga ni wọ́n ti ṣe é, abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n gún fún mi. Dókítà kọ́kọ́ ta òwú sẹ́yìn òkúta náà kó má baà sá wọlé, ó wá la ẹran orí rẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sórí gọ́ọ̀sì, òkúta náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi. Wọn ò rán ojú ibẹ̀ pa, kí itọ́ lè máa gbabẹ̀ jáde. Ògì ni mo ń mu, mo ń fomi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ́ ẹnu.

Ẹ béèrè ibi tí tiyín wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí yíyọ gland o. Tí ibà bá sì dé tàbí ibẹ̀ ń ṣọyún, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.