Bí a ṣe ń wo kòkòrò àtàwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ nínú ọgbà òdòdó ilé

Ẹni tó ń rìn káàkiri ọgbà láti wá kòkòrò, ẹ̀yìn wọn ló máa ń rí. Kó tó dé ìdí òdòdó, labalábá ti gbéra, aláǹgbá ti há sábẹ́ òkúta. Ẹ mú ìdí òdòdó kan tó ti là dáadáa, ẹ gbé àpótí síbẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1 sí i, kí ẹ jókòó. Ẹ má ka ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ sí, torí àwọn tó sá nígbà tí ẹ dé kò tíì padà.

Ẹ ṣọ́ òjìji yín. Tó bá fi lè gba orí òdòdó kọjá, labalábá á fò bí ìgbà tí ẹyẹ bá ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ jókòó kí oòrùn wà níwájú yín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ lé wọn. Apá tí ẹ ṣàdédé nà ló ń lé wọn. Ẹ má sì jókòó sójú ọ̀nà tí oyin tàbí agbọ́n ń gbà wọ ilé wọn.

Ìdájí ni mo fẹ́ràn jù fún wíwo ara wọn fínnífínní, torí oòrùn kò tíì yá wọn lára, wọn kì í lè tètè fò. Tí ẹ bá fẹ́ rí wọn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dúró kí ìrì gbẹ.

Láti kà wọ́n, ẹ fi okùn yí ojú kan tó jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóòró. Fún ìṣẹ́jú 10, ẹ kọ gbogbo ohun tó bà lé òdòdó inú rẹ̀, ẹ má ka èyí tó kàn fò kọjá. Oyin kan náà lè lọ kó tún padà nígbà 4, nítorí náà ìbàlé lẹ ń kà, kì í ṣe orí. Ẹ kọ ọjọ́, aago, irú òdòdó, àti bóyá oòrùn mú tàbí atẹ́gùn ń fẹ́. Láìsí èyí, ẹ lè rò pé kòkòrò ti tán nínú ọgbà, nígbà tó jẹ́ pé atẹ́gùn ọjọ́ yẹn ló pọ̀ jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mọ̀ ni oyin. Eṣinṣin kan wà tó fi àwọ̀ ìyeyè àti dúdú para bí agbọ́n, ṣùgbọ́n kò lè ta ẹnikẹ́ni. Ìyẹ́ 2 péré ló ní, oyin ní 4. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìyẹ́ ẹ̀yìn oyin máa ń so mọ́ ti iwájú, á wá dà bíi 2. Ẹ kọ́kọ́ wo orí: ojú eṣinṣin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí rẹ̀, ìwo rẹ̀ sì kúrú, ìwo oyin gùn, ó sì tẹ̀ kọdọrọ. Eṣinṣin yìí tún lè dúró sójú kan lófuurufú bí ẹni pé wọ́n so ó rọ̀.

Tí oyin kan bá wà lórí òdòdó tí kò mira, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí aláǹtakùn tó ní àwọ̀ òdòdó náà ti dì í mú. Tó bá jẹ́ ìdájí, ó lè jẹ́ pé oorun ló ń sùn.

Níbi tí eèrà bá ti ń gun igi òdòdó lọ sókè sódò, ẹ tẹ̀ lé wọn dé ọ̀mùnú, kí ẹ yí ewé padà. Ẹ ó rí kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ewé. Omi dídùn tó ń jáde lára wọn ni eèrà ń lá, ló fi ń ṣọ́ wọn. Kòkòrò kan tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tó pupa, tó sì ní àmì dúdú, máa ń wá jẹ wọ́n. Ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá: ó gùn, ó dúdú, ó dà bí ọmọ ọ̀nì. Àwọn olọ́gbà máa ń pa á, wọn ò mọ̀ pé aláàbò òdòdó wọn ni. Bákan náà, ọgbà tí a bá ń fín oògùn apakòkòrò sí, ẹ má retí ohun púpọ̀ níbẹ̀.

Tí ẹ bá ń lo awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, ẹ gbé e mọ́ ojú, kí ẹ wá sún mọ́ kòkòrò náà títí yóò fi mọ́ kedere, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀. Àwọn tó ń na awò síwájú kì í rí nǹkan kan.

Fún àwọn tó ń rìn nílẹ̀ lóru, ẹ ri ife kan mọ́lẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba; tó bá yọ sókè díẹ̀ báyìí, wọ́n á yí i po ni. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi pákó tí òkúta wẹ́wẹ́ gbé sókè bò ó nítorí òjò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kùtù, torí aláǹtakùn tó bá bá wọn há síbẹ̀ á jẹ wọ́n.

Ti àfòpiná rọrùn: ẹ ta aṣọ funfun, ẹ tan iná mànàmáná sí i. Ẹ má lo àtùpà, torí kò ní pa fìtílà náà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Lẹ́yìn wákàtí 2, ẹ pa iná, kí ẹ gbọn aṣọ náà jẹ́jẹ́ sínú ewé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹyẹ á fi wọ́n ṣe oúnjẹ àárọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rìn nínú ọgbà lóru, ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa.

Bí ẹ bá ṣí igi tàbí òkúta wo ekòló àti ọ̀kùn, ẹ ṣí i sọ́dọ̀ ara yín, kí ohun tó bá fẹ́ sá lè gba òdìkejì jáde. Ẹ má fọwọ́ kan kòkòrò onírun. Ẹ dá igi náà padà bó ṣe wà. Tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ, wọ́n á kó kúrò.