Súwíìtì Tí Kò Ní Ṣúgà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ohun Tó Ń Bà Á Jẹ́

Adùn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ṣúgà nínú súwíìtì. Òun ló ń fún un ní ara, òun ló ń pọ́n lórí iná, òun ló ń di omi mú, òun náà ló ń jẹ́ kó le. Tí a bá yọ ọ́ kúrò, gbogbo iṣẹ́ yẹn ló dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ohun adùn kan ṣoṣo nínú àwọn tí à ń lò dípò ṣúgà, bí erythritol, allulose, stevia àti isomalt, tó lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá ní súwíìtì òun bàjẹ́ pé: èwo nínú iṣẹ́ ṣúgà ni kò rí ẹni ṣe é? Àwọn ìbéèrè tó ń wá jù lọ láti àdúgbò wa n'Íbàdàn nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àpáta ni mò ń gbé, Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ṣe ṣokoléètì tí kò ní ṣúgà, ó sì dì gbagidi nínú fíríìjì. Kí n tó dé ibi iṣẹ́, ó ti di omi nínú ike. Òróró àgbọn ni mo fi ṣe é, bí mo ṣe rí i nínú fídíò kan.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ọwọ́ yín kọ́ ni ẹ̀bi wà. Ibi tí wọ́n ti ya fídíò yẹn ló tutù ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Òróró àgbọn ti ń yọ́ láti nǹkan bí dígírì 24, inú ilé wa kì í sì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀, kódà lóru, àfi nígbà ọyẹ́. Ẹ wo ìgò òróró àgbọn tí wọ́n tò sórí tábìlì ní Bódìjà: omi ni gbogbo wọn. Ohun tó jẹ́ omi lórí tábìlì kò lè le nínú báàgì.

Ọ̀rá kòkó gan-an ni kí ẹ wá. Ó tó nǹkan bí dígírì 34 kó tó yọ́, torí náà ó lè dúró lọ́wọ́ kó sì yọ́ lẹ́nu. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ yín níbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, ilé ìwádìí kòkó ti orílẹ̀-èdè wa sì wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Ó wù mí gan-an kí ṣokoléètì tí à ń ṣe nílùú yìí jẹ́ ti kòkó látòkè délẹ̀.

Tí ọ̀rá kòkó bá jẹ́ gíráàmù 100, ẹ wá kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà, gíráàmù 70, ohun adùn tí ẹ ti lọ̀ kúnná, gíráàmù 50, àti iyọ̀ fínńfín. Ẹ yọ́ ọ̀rá náà nínú abọ́ tó wà lórí omi gbígbóná títí tó fi máa tó dígírì 45, kí ẹ po ìyókù mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yára jù ló kàn. Ọ̀nà mẹ́fà ni ọ̀rá kòkó lè gbà dì, ọ̀kan nínú rẹ̀ là ń wá: èyí tó ń dán, tó ń dún kà tí a bá ṣẹ́ ẹ, tí kì í tètè rọ̀. Kí ẹ lè rí i, ẹ máa rò ó bó ṣe ń tutù títí tó fi máa wálẹ̀ sí 27 tàbí 28, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e padà sórí omi gbígbóná fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè gòkè sí 31 tàbí 32. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó dà á sínú ike.

Lọ́sàn-án, ilé ìdáná wa fúnra rẹ̀ lè gbóná ju 30 lọ, ṣokoléètì kò sì ní wálẹ̀ sí 27 níbẹ̀ láé. Ẹ ṣe é ní kùtùkùtù tàbí lálẹ́, kí ẹ gbé ìdí abọ́ lé omi tútù, kí ẹ sì ṣọ́ omi yẹn kó má ta sínú. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti ṣe, ẹ ti orí ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ gbé ọ̀bẹ náà síbi tó tutù. Tó bá dì láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, tó ń dán, tí kò lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ máa dà á. Tí ìlà funfun bá yọ lójú rẹ̀, kò bàjẹ́. Ẹ yọ́ ọ padà sí 45, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Nínú ọkọ̀ ní oṣù Kẹta, kúlà ni kí ẹ fi gbé e, nítorí oòrùn ìgbà yẹn á rọ ọ̀rá kòkó náà. Tí ẹ bá sì gbé e jáde nínú fíríìjì, ẹ má tètè ṣí ike náà. Ẹ jẹ́ kí òtútù rẹ̀ lọ kí ẹ tó ṣí i, kí ìrì má baà sẹ̀ sórí ṣokoléètì.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Tèmi dì, ó dán, ṣùgbọ́n ó ń rún lẹ́nu bí ẹ̀wà tí wọn ò ṣa òkúta rẹ̀, ó sì ń tutù lórí ahọ́n bíi pé mo fi míńtì sí i. Erythritol ni mo lò.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, erythritol ló fa méjèèjì. Inú omi ló ti ń yọ́, kì í yọ́ nínú ọ̀rá, ọ̀rá sì ni ṣokoléètì. Bí hóró rẹ̀ bá ṣe tóbi tó nígbà tó o dà á sí i ló ṣe máa wà. Lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ nínú ẹ̀rọ kékeré tí kò ní òórùn ata lára. Jẹ́ kí eruku rẹ̀ wálẹ̀ kó o tó ṣí i, fi asẹ́ tó kúnná jọ̀ ọ́, kó o sì da èyí tó kù lórí asẹ́ padà sínú ẹ̀rọ. Fi ìka méjì pa á pọ̀. Tí ọwọ́ rẹ bá ṣì ń bá hóró pàdé, kò tíì tó.

Ní ti òtútù yẹn, erythritol máa ń fa ooru ẹnu mọ́ra bó ṣe ń yọ́ nínú itọ́. Lílọ̀ kò lè mú ìyẹn kúrò. Ohun tó lè dín in kù ni pé kó o dín òun fúnra rẹ̀ kù: lo ìdajì, kó o fi allulose lílọ̀ rọ́pò ìdajì tó kù, tàbí kó o fi pàúdà stevia gbé adùn rẹ̀ sókè. Stevia dùn tó ìlọ́po 200 sí 300 ṣúgà, torí náà orí ọ̀bẹ ni kó o fi bù ú. Tó bá pọ̀ jù, á korò. Má lo stevia olómi o. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìdáhùn tó kàn.

Ìbéèrè: Mò ń yọ́ ṣokoléètì lọ́wọ́, ló bá dì lójijì, ó gbẹ, ó di ṣákálá. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Omi ló kán sí i. Ẹ̀kán kan lè tó o. Kòkó àti ohun adùn tó wà nínú ọ̀rá á gbá omi yẹn mú, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra. Ó lè jẹ́ ooru tó ń ru láti abẹ́ abọ́, ó lè jẹ́ ṣíbí tí ẹ kò nù gbẹ. Kò ṣeé dà sínú ike mọ́, àmọ́ ẹ má dà á nù. Ẹ gbé kírìmù tàbí mílíìkì gbígbóná, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí á fi ṣàn tí á sì dán. Lórí kajú yíyan, ó dùn gan-an.

Ìbéèrè: Káràmẹ́ẹ̀lì mi kì í pọ́n. Mo gbé erythritol kaná títí, omi funfun ló ń jẹ́, tó bá sì tutù, á padà di hóró funfun. Ìyá mi ní kí n fi kún iná. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá, ṣùgbọ́n kò sí iná tó máa pọ́n erythritol. Ó ń yọ́, kì í pọ́n. Tó bá tutù, á tún padà di hóró bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Allulose ló ń pọ́n. Ó wọ́n lówó, ó sì lè ṣòro láti rí, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí à ń lò dípò ṣúgà, òun ló sún mọ́ ṣúgà jù lórí iná. Kódà ó ń tètè pọ́n ju ṣúgà lọ, torí náà iná kékeré ni, ẹ má sì yísẹ̀ níbẹ̀. Ẹ da allulose gíráàmù 200 àti bọ́tà gíráàmù 80 sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn. Á kọ́kọ́ hó funfun, á di àwọ̀ oyin, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ oyin ìgàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá a dúró, torí láàárín kí ẹ yíjú, á ti korò. Ẹ da kírìmù lílọ́wọ́ọ́wọ́, mílílítà 120, sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fà sẹ́yìn, nítorí á ru sókè. Ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ máa rò ó títí á fi ki.

Ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ṣúgà kò bá allulose mu dáadáa, torí náà omi tútù ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi tútù. Tó bá tú ká, ó kù. Tó bá ṣeé kó jọ pẹ̀lú ìka, tó rọ̀ tí kò sì tú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Inú fíríìjì ni yóò máa gbé, torí allulose kì í fẹ́ le.

Tí ẹ kò bá rí allulose, ẹ wo ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe baba dúdú. Kì í ṣe ṣúgà nìkan ló ń pọ́n níbẹ̀, omi àgbọn fífún náà ń pọ́n tó bá pẹ́ lórí iná. Ẹ se omi àgbọn tó ki lórí iná kékeré pẹ̀lú bọ́tà díẹ̀, kí ẹ máa ha ìdí ìkòkò, títí á fi fúnpọ̀ tó sì pọ́n fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó po erythritol lílọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má fi pọ̀ jù kó má baà padà di hóró. Kò ní fà bíi káràmẹ́ẹ̀lì, àmọ́ ó ní adùn tirẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ṣe sisi pẹlẹbẹ fún bàbá wa tó ní àtọ̀gbẹ. Allulose ni mo fi ṣe é. Kò le rárá, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, lọ́jọ́ kejì omi ti ń yọ lára rẹ̀.

Ìdáhùn: Allulose máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, àfẹ́fẹ́ Ìbàdàn nígbà òjò sì kún fún omi. Ohun tó bá máa ṣẹ́ kà, isomalt ni kí ẹ fi ṣe é. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí dígírì 145 sí 150, kì í sì í fa omi bíi ṣúgà. Adùn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ti ṣúgà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń pọ́n, torí náà inú ẹ̀pà ni àwọ̀ àti òórùn yíyan ti máa wá. Ẹ yan ẹ̀pà náà dáadáa, kí ẹ bó o, kí ẹ sì jẹ́ kó wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó dà á sínú isomalt yíyọ́, torí ẹ̀pà tútù á mú un dì kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Ẹ tètè tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ lórí páànù tí ẹ ti fi òróró pa. Gbàrà tó bá ti tutù, inú ike tó dé pinpin ló kàn. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀ o, nítorí isomalt gbígbóná tó bá ta síni lára kì í tètè ṣí kúrò.

Ẹ ṣa ẹ̀pà náà kí ẹ tó yan án. Èyí tó bu, tó rún tàbí tó dúdú, ẹ jù ú nù. Májèlé tí èébu ń fi sínú ẹ̀pà, iná yíyan kì í pa á tán.

Ìbéèrè: Súwíìtì tí ẹ̀gbọ́n mi rà ní “kò ní ṣúgà” lára. Gbogbo ilé ló yà ìgbẹ́ gbuuru. Ṣé májèlé ni?

Ìdáhùn: Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀, bóyá ohun adùn bíi maltitol, sorbitol, xylitol tàbí isomalt wà níbẹ̀. Ìfun kì í gba púpọ̀ nínú wọn wọlé. Wọ́n á fa omi sínú ìfun, inú á sì ṣí. Nílẹ̀ Yúróòpù, tí irú wọn bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ lọ, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àjẹjù lè mú inú ṣí. Erythritol rọ inú lọ́rùn ju ìyẹn lọ, torí ara ń gbà á, ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Sisi pẹlẹbẹ isomalt tí mo sọ lókè náà, ẹyọ kan tàbí méjì ló tó lẹ́ẹ̀kan. Maltitol tún máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè díẹ̀, torí náà “kò ní ṣúgà” kò sọ pé kí alátọ̀gbẹ jẹ ẹ́ láìkà á. Tí ajá bá wà nílé, ẹ gbé ohunkóhun tó ní xylitol jìnnà sí i, nítorí ó lè pa á.

Ìbéèrè: Èso ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó dùn ju ṣúgà lọ. Àgbáyun náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, inú mi sì dùn pé ẹ bi í. Èso pupa tó ń so nítòsí ilẹ̀ yẹn ní ẹran rírọ̀ kékeré kan lẹ́bàá kóró rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ ni thaumatin wà, ohun tó dùn tó ìlọ́po 2,000 sí 3,000 ṣúgà. Adùn rẹ̀ kì í tètè dé, tó bá sì dé, kì í tètè lọ. Àmọ́ adùn lásán ni: kò ní fún káràmẹ́ẹ̀lì lára, kò ní mú un le. Ti àgbáyun yàtọ̀. Kò dùn fúnra rẹ̀, ohun kíkan ló ń sọ di dídùn lẹ́nu ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́, iná sì ń pa agbára rẹ̀. Ẹ má sè é mọ́ súwíìtì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi oyin tàbí dàbínù ṣe é fún ìyá mi tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ? Wọ́n ní ti àdánidá kò léwu.

Ìdáhùn: Rárá o. Ṣúgà ni oyin, ṣúgà ló kún inú dàbínù, bẹ́ẹ̀ náà ni mílíìkì dídùn tó ki inú agolo. Ẹ̀jẹ̀ màmá kò mọ̀ bóyá igbó ló ti wá tàbí inú páálí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú. Tí màmá bá ń lo insulin tàbí oògùn tó lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù, tí wọ́n bá ń gbọ̀n, tí wọ́n ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, ẹ má fún wọn ní súwíìtì tiwa yìí. Kò ní gbé ṣúgà wọn sókè. Ṣúgà gidi ni: nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì mẹ́rin nínú omi, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Tí kò bá gòkè, ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí wọ́n bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù kíá. Ẹ ní ṣúgà díẹ̀ nínú ike kan lọ́tọ̀ nílé ìdáná fún ìyẹn, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára, kó má baà dàpọ̀ mọ́ erythritol, torí funfun ni àwọn méjèèjì.