Ẹ wá ìwé ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kí ẹ tó náwó

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọ́ ọmọ nílé ní Ifẹ̀ níbí. Kí ẹ tó tún kó owó lọ sí Lágere lọ ra ìwé ìtàn, ẹ ro ti e-reader wò, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ka ìwé. Tòkunbọ̀ rẹ̀ tó bá dára ti tó. Bí ẹ bá cháàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Ìkànnì Project Gutenberg lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Láti 1971 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìwé ibẹ̀ lé ní 70,000, ọ̀fẹ́ ni. Irú fáìlì ìwé tí wọ́n ń pè ní EPUB ni kí ẹ dáńlóòdù, kì í ṣe PDF. Bí ọmọ bá sọ lẹ́tà di ńlá, EPUB á tún ìlà ara rẹ̀ tò. Ti PDF á jáde kúrò lójú ẹ̀rọ, ọmọ á wá máa fi ìka fà á kiri títí ìwé náà á fi sú u.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín o. Ìwé àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan sì tàbùkù adúláwọ̀ gan-an.

Ìtàn ọmọdé ní Yorùbá wà lórí ìkànnì African Storybook, àmọ́ orí fóònù ni àwòrán wọn ti ń yọ dáadáa, torí dúdú àti funfun nìkan ni ọ̀pọ̀ e-reader ń gbé jáde.