Bí a ṣe ń ṣa àfọ́kù sátẹ́láìtì jọ, tí a sì ń wọ̀n wọ́n

Sátẹ́láìtì kékeré tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ níbí ní Àkúrẹ́, lọ́wọ́ sí, NigeriaEduSat-1, gòkè lọ ní 2017, ó sì jóná nínú afẹ́fẹ́ ayé ní 2019. Kò fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Àwọn kan kì í lọ bẹ́ẹ̀: ní oṣù kejì ọdún 2009, Cosmos 2251 ti Rọ́ṣíà àti Iridium 33 ti Amẹ́ríkà forí gbárí, àfọ́kù wọn sì tàn káàkiri.

Ẹ má fojú kéré àfọ́kù. Èyí tó wọn gíráàmù 1, tó ń sáré kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní agbára kan náà pẹ̀lú mọ́tò oníwọ̀n tọ́ọ̀nù 1 tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Ọba Adésídà.

Ní 2014, wọ́n yìnbọn lu DebriSat, àfarawé sátẹ́láìtì tó wọn kílò 56, nínú yàrá tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ ní Tennessee. Yunifásítì Florida ló ṣa àfọ́kù rẹ̀. A kò ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ṣíṣà yẹn ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà, ẹ sì lè kọ́ ọ.

Ẹ wá rédíò tó ti kú, kó dúró fún sátẹ́láìtì. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀ dànù, torí ó lè gbiná. Ẹ fi òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ *kí ẹ tó* fọ́ ọ. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dì í sínú àpò tó nípọn nínú páálí tí ẹ ti tẹ́ fóòmù sí. Àgbàlagbà ni kó fi òòlù fọ́ ọ, kó wọ gíláàsì ààbò àti ìbọ̀wọ́. Òjé máa ń wà lára àwọn wáyà inú rẹ̀, nítorí náà ẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Òòlù kì í yọ́ irin bí ìkọlù ojú òfúrufú ti ń yọ́ ọ, torí náà ìrísí àfọ́kù yín kò ní bá tòótọ́ mu.

Ní ti ṣíṣà, ẹ má kánjú. Ẹ fi ẹ̀mú yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó há sínú fóòmù. Ti DebriSat, X-ray ni wọ́n fi kọ́kọ́ wo fóòmù kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti ìnípọn, ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ pín in sí 3: iye yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń pe àfọ́kù ní ńlá tàbí kékeré.

Ẹ ro ìwọ̀n gbogbo wọn pọ̀, kí ẹ fi wé ti rédíò. Bí ó bá dín púpọ̀, ẹ padà sídìí fóòmù. Ẹ ka iye tó ju mílímítà 10 lọ, tó ju 5 lọ, tó ju 2 lọ. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n á máa pọ̀ sí i. Ẹ ya àwọn pẹlẹbẹ tó fúyẹ́ sọ́tọ̀: nítòsí ayé, afẹ́fẹ́ tín-ínrín máa ń fa irú wọn wálẹ̀ kíákíá ju èyí tó ki lọ.

Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú náílọ́nù tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, kí ẹlòmíràn tún wọ̀n wọ́n láìrí ìwé yín. Níbi tí iye yín kò bá ti bára mu, ẹni kẹta ni kó wọ̀n ọ́n.