Bí A Ṣe Lè Fi Fóònù Kọ Ìrìn Wa Sílẹ̀ Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn Láìtú Àṣírí Ara Wa

Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, èèyàn 894 tó ṣeé ṣe kó ti fara kan aláàrùn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá kàn, tí wọ́n sì ń bẹ̀ wò títí ọjọ́ 21 fi pé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró lórí ohun tí èèyàn bá rántí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ná Ọjà Ọba ní Ìlọrin láàárọ̀, tó wọ ọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà, tó sì lọ kí àna rẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní lè to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Fóònù lè bá a tò ó. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí àkọsílẹ̀ náà yóò ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó rin ìrìn náà nìkan, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi yọ̀ǹda ìwọ̀nba tó yẹ nínú rẹ̀.

Áàpù máàpù tó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wá. OsmAnd ni èmi ń lò. Ẹ wọ Plugins, ẹ tan Trip recording, kí ẹ sì ní kó máa kọ ibi tí ẹ wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí ẹ bá mú un yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì yóò tètè kú, a sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná wa ṣe rí. Ẹ lè pa dátà, nítorí pé GPS kì í ránṣẹ́ sí ibikíbi. Ohun tí sátẹ́láìtì ń sọ ló ń gbọ́, tí fóònù fi ń ṣírò ibi tí ẹ wà. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ: ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín mọ òpó tí fóònù yín ń bá sọ̀rọ̀, kò sì sí áàpù tó lè fi ìyẹn pamọ́ fún un. Ẹni tó bá ń lo Timeline, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìrìn tó wà nínú Google Maps, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oṣù mẹ́ta ni àkókò tó kúrú jù tó fi lè máa pa nǹkan rẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn sì ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ má tan áàpù náà nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹ kọjá ìta àdúgbò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó padà wọlé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 lórí fóònù mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fi hàn pé ibi mẹ́rin péré, pẹ̀lú àkókò tí èèyàn wà níbẹ̀, ti tó láti dá èèyàn 95 nínú 100 yà sọ́tọ̀, bí a kò tilẹ̀ kọ orúkọ kankan sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù pàápàá máa ń ṣìnà. Mo dúró lọ́dọ̀ aláta kan ní Ọjà Ọba, lábẹ́ páànù, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo wo máàpù, fóònù ti gbé mi sọdá títì, bí ẹni pé ọkọ̀ ni mo ń dúró dè. Ní gbangba, GPS lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣìṣe. Lábẹ́ òrùlé, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nítorí náà, ẹ máa kọ gbólóhùn kan tì í: “aláta, abẹ́ páànù, aago mẹ́wàá, èèyàn mẹ́ta, kò sí ìbòmú.” Ẹ má kọ orúkọ àwọn èèyàn náà, nítorí pé àṣírí tiwọn nìyẹn. Google àti Apple kò lo GPS nínú ètò tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 láti wá àwọn tó fara kan aláàrùn kòrónà; Bluetooth ni wọ́n lò: nígbà náà, àwọn fóònù tó súnmọ́ ara wọn máa ń pàṣípààrọ̀ nọ́ńbà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, láìbéèrè ibi tí ẹnikẹ́ni wà. Singapore náà lo Bluetooth, ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2021 ni ìjọba ibẹ̀ gbà pé ọlọ́pàá lè béèrè fún dátà náà.

Bí ẹnìkan bá pè pé òṣìṣẹ́ ìlera ni òun, ẹ kọ́kọ́ pe 6232 ti NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, owó kò sí lórí rẹ̀, kí ẹ fi wádìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ń fẹ́, kí ẹ sì kà á fún wọn lẹ́nu. Ẹ má fi fáìlì GPX, ìyẹn fáìlì tí áàpù náà kọ ìrìn yín sí, ránṣẹ́ lódindi, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lè kà á. Bí wọ́n bá ṣáà ń fẹ́ nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ẹ wà lórí máàpù, ẹ gé e kúrú: 8.4966 ń tọ́ka sí ibi tí kò ju nǹkan bíi mítà 11 lọ, 8.497 ń tọ́ka sí nǹkan bíi mítà 110, nígbà tí 8.50 ti lé ní kìlómítà kan. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín láṣẹ láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Ọjọ́ 14 ni a fi ń ṣọ́ra fún kòrónà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 21 sì ni ti ibà Lassa. Ohun tó bá ti pẹ́ ju iye ọjọ́ tí àrùn náà nílò lọ, ẹ pa á rẹ́ ní àràárọ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú àpótí ìdọ̀tí fóònù, kí ẹ sì ní kí ẹni tí ẹ bá ti ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp pa tirẹ̀ rẹ́.